Agbami Ń Wá Obìnrin Márùn-ún

Orúkọ oyè rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń bá a tẹ̀wé fi máa ń dúró mu omi ní àárín rẹ̀: Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ilé Iṣẹ́ Omi, Alákòóso Omi Tútù àti Omi Gbígbóná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, omi gbígbóná kan kò jáde níbẹ̀ rí. Ká sọ tòótọ́, lọ́jọ́ mìíràn, tútù pàápàá kì í jáde. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ta ni yóò wá pa á rẹ́? Ó tún fún ara rẹ̀ ní ìnagijẹ kan, Agbami, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi pe òun nígbà tí inú òun bá dùn. Àwa náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ì báà dùn, ì báà má dùn, kò kàn wá.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ á ti dúró sí gbọ̀ngàn ìpàdé kí Agbami tó wọlé. Tó bá wọlé, wọn ò gbọdọ̀ jókòó. Tó bá jókòó, wọn ò tíì gbọdọ̀ jókòó. Ó ní láti tún dìde lẹ́ẹ̀kan, kó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, kó tún jókòó, kí wọ́n tó gbà pé ìdí ọ̀gá ti balẹ̀. Bó bá wúkọ́, Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ níbi ìkíni, á ní, “A gbọ́ yín yékéyéké, sà.” Ikọ́ ni o. Ọ̀gá kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí ló ka lẹ́tà kan sí wọn létí. Alága ìgbìmọ̀ ìlú ló kọ ọ́, obìnrin kan tí kì í fẹ́ràn àsọjù. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú máa bá ara wọn ṣeré lọ́jọ́ Sátidé, kí ara wọn lè yá. Bọ́ọ̀lù onígi ni eré náà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí tìmùtìmù mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sórí pápá ká kó lè jẹ àmì kan. Bí ẹnìkan bá hán bọ́ọ̀lù náà kó tó kanlẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé orí tìmùtìmù, ó ti jáde bákan náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù náà rọ̀. Ẹni tó bá ti fi iwájú orí gbà á rí á sọ fún ọ pé irọ́ gidi ni. Ènìyàn mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún, kí wọ́n sì ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà fún ọdún kan, ó kéré tán. Ọ̀gá wọn ni yóò búra sí orúkọ wọn. Ilé iṣẹ́ tí kò bá pé, wọn á ka orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lórí pápá pé kò rí ènìyàn kó jọ.

Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé eré ìgbádùn lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà. Agbami kò ka ibẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé Alága ń wá ẹni tí yóò fi ṣe olórí gbogbo ilé iṣẹ́ ìlú, òun sì ti fi ara rẹ̀ jẹ oyè náà tán lórí ibùsùn.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “omi ni ìyè. Èmi ni mo ń ṣe àkóso omi. Kí ẹni tó gbọ́n ṣe ìṣirò yòókù fúnra rẹ̀.”

Igbákejì ṣe ìṣirò náà kíá. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Agbami ní kì í ṣe òní lòun ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pé nígbà tí òun wà nílé ìwé, eré kan kì í bẹ̀rẹ̀ bí òun kò bá sí níbẹ̀. Òótọ́ ni. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ mú bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sẹ́yìn ògiri.

Ti ọkùnrin kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Agbami ni àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀ lé ipò sọ̀kalẹ̀: Igbákejì, ọ̀gá àwọn onípáìpù, ọ̀gá àwọn akọ̀wé, ọ̀gá ilé ìkẹ́rù. Ọ̀pá ni ọ̀gá àwọn onípáìpù fi ń rìn. Ọ̀gá àwọn akọ̀wé kì í rí ohun tó bá ti kọjá imú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rù yóò fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oorun ọ̀sán dánra wò. Àwọn géńdé tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí wọ́n ń wo ara wọn, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ yẹn, a kì í fo orí ọ̀gá mú ọmọ iṣẹ́, ì báà jẹ́ síbi ìsáré.

Ó wá ku obìnrin. Agbami ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù. Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà, àwòrán rẹ̀ sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè keje ní: “Kí ló mú ọ rò pé o yẹ lẹ́ni tí í dúró sẹ́yìn Olùdarí Àgbà?” Ìkẹsàn-án ní: “Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá bá Olùdarí Àgbà, apá ibo lára rẹ ni wàá fi dí i?” Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló padà wá. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín àwọn akọ̀wé ló kọ ọ́, ó rò pé fọ́ọ̀mù ìsinmi ni. Níbi tí wọ́n ti bi í léèrè ipò tó fẹ́ dúró sí, ó kọ ọ́ pé, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́dọ̀ ọmọ mi.”

Ni Agbami bá pàṣẹ. Kí gbogbo obìnrin tó ní tábìlì nílé iṣẹ́ náà péjọ sí àgbàlá ní aago méje àárọ̀. Ẹ ì bá rí bí àìsàn ṣe wọ ilé iṣẹ́ omi lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀kan mú ìwé dókítà wá pé òórùn koríko ń dà á láàmú. Ọ̀kan ní ọkọ òun kò gbà. Kò sì tíì lọ́kọ. Ẹ̀kẹta ní òun lóyún. Wọ́n ní oṣù mélòó, ó ní yóò bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mẹ́fà ló jàjà wá, Agbami fúnra rẹ̀ ló sì ju bọ́ọ̀lù sí wọn kó lè mọ ẹni tó gbóyà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù náà gba orí wọn kọjá, ó fọ́ fèrèsé gbọ̀ngàn, ó sì gún àwòrán Agbami tó wà lára ògiri ní imú. Igbákejì ní ìyẹn náà fi hàn pé ọwọ́ ọ̀gá kì í tàsé.

Agbami délé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ wá kún wọn, pé òun yóò fi í ṣe òṣìṣẹ́ lórí ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lọ́wọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ó ní, “nígbà tí òjò ṣú lánàá, ta ló sáré kó aṣọ yìí wọlé?”

Agbami ní òun kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ ti wọ̀ ọ́.

“Èmi ni. Ẹ wà lórí àga, ẹ ń pàṣẹ fún òjò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bá yín sáré nínú ilé yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìta náà bá yín sá díẹ̀.”

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ọjọ́ eré, Agbami dúró lójú fèrèsé òkè ilé rẹ̀ láàárọ̀, ó ń fọ eyín, ó ń ronú irọ́ tí yóò pa fún Alága. Obìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó fi ìwé gbọọrọ kan há abíyá, ó ń lọ síbi mítà omi tó wà lẹ́yìn ilé. Ajá Agbami, ẹran ńlá kan tó ti fa ṣòkòtò àlejò tó tó ogún ya, gbéra. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta, ó sọ ọ́. Òkúta náà balẹ̀ níwájú imú ajá gẹ́lẹ́, ó tu eruku sí i lójú, kò sì kan irun kan lára rẹ̀. Ajá náà dúró, ó ro ayé ara rẹ̀ wò, ó jókòó. Obìnrin náà ka mítà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kí ajá pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ́ lẹ́nu Agbami.

Ó dé ọ́fíìsì, ó bèèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Igbákejì ṣa ọ̀rọ̀ tí kò ní bí ọ̀gá nínú. Ó ní márùn-ún ni irú wọn, obìnrin ni gbogbo wọn, àwọn ló ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ka mítà fún ilé iṣẹ́ omi. Ọkùnrin ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ajá ló lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn obìnrin yìí ló wá kọ́ òkò sísọ. Wọn kì í sọ ọ́ lu ajá, torí ajá oníbàárà ni. Iwájú imú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Bó bá fi ìka méjì kọjá ibẹ̀, ẹni tó lajá á fẹjọ́ sùn. Bó bá fi ìka méjì dín, ajá á jẹ ẹran. Ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Agbami ní báwo ni òun kò ṣe mọ̀ wọ́n. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ wọ́n? Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọn ò ní àga, wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìtura. Bí ajá bá gé ọ̀kan nínú wọn jẹ, ilé rẹ̀ ni yóò ti tọ́jú ara rẹ̀, torí pé ẹni tí kò ní ìwé ìgbàṣẹ́, lójú òfin, ajá náà kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tó wá burú jù ni òfin ọdún mẹ́wàá: ẹni tó bá pé ọdún mẹ́wàá láìgba ìwé, kí wọ́n ní kó máa lọ, kó má baà dàgbà mọ́ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin ló kù fún wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Agbami, lọ́dọọdún ló sì ń fi ìwé náà tẹ́ abẹ́ ife tíì.

Ó ní kí wọ́n pè wọ́n wá. Asọ̀kò ni wọ́n ń pe aṣáájú wọn, ẹni tó kọ́ ajá Agbami lọ́gbọ́n. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún dáadáa, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, àpá eyín ajá méjì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn márààrún bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Agbami dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní omi kì í bá ẹnìkan ṣọ̀tá. Ó ní orí ló bá wọn ṣe é. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ wọn yóò máa yangàn láyé pé ìyá ìyá àwọn ti dúró lẹ́yìn Agbami rí. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, Asọ̀kò ní, “A gbọ́, sà. Ìwé ńkọ́?”

“Ìwé wo?”

“Ìwé ìgbàṣẹ́ wa. Lẹ́tà Alága tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní òṣìṣẹ́ ni kó ṣeré náà. Àwa ò tíì jẹ́ òṣìṣẹ́.”

Agbami rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlérí ẹnu òun tóbi ju ìwé lọ.

“Ìlérí ò ní òǹtẹ̀, sà.”

Igbákejì di ara tábìlì mú kó má baà ṣubú. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé márùn-ún jáde, òǹtẹ̀ pupa kíkan-kíkan lára wọn. Àwọn mẹ́rin yòókù ti fẹ́ máa jó. Asọ̀kò fi ìka tẹ̀ lé ìwé tirẹ̀ láti òkè títí dé ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà kéékèèké bí ẹyin èèrà.

“Ọ̀gá, ibí yìí ní iṣẹ́ wa máa parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eré. Tó bá di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, kí ni wọ́n á máa pè wá?”

Agbami bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀.

“Mítà ni mò ń kà, sà. Nọ́ńbà tó bá wà nídìí pátápátá ló máa ń yí kíákíá jù.”

Wọ́n kó ìwé náà sórí tábìlì, wọ́n jáde lọ wọ bàtà wọn. Agbami jẹ́ kí wọ́n wọ ẹsẹ̀ kan. Ó rí i lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ òun lórí pápá pé òun kò rí ènìyàn kó jọ, tí ọ̀gá àwọn panápaná ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ló fọwọ́ sí ìwé gidi. Ṣùgbọ́n òfin eré ní kí òṣìṣẹ́ ti pé ọdún kan, nítorí náà ọjọ́ tó kọ sí ìwé náà kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé iṣẹ́, ní ọdún mẹ́sàn-án ó lé sẹ́yìn, ló kọ síbẹ̀. Ó gbé orúkọ ènìyàn mẹ́wàá lọ sí kóòtù, ó gbọ́wọ́ sókè, ó búra pé òṣìṣẹ́ òun tòótọ́ tòótọ́ ni gbogbo wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó sọ fún Igbákejì létí pé bí eré bá ti parí, ọjọ́ Ajé lòun yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn fà ya. Igbákejì ní ọgbọ́n náà jinlẹ̀ dé ibi tó fi ń ba òun lẹ́rù.

Ó ku ìgbáradì. Agbami kọ̀wé àṣẹ kan káàkiri pé níbi ìgbáradì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Olùdarí Àgbà jáde, torí kò bá ipò mu. Bó bá ju igi tí kò kan bọ́ọ̀lù, wọ́n á kọ ọ́ pé ó kàn án. Ó fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejìlá lọ́jọ́ kan, Igbákejì sì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejìlá, ó ní atẹ́gùn tó ti ibẹ̀ jáde nìkan ti gba àmì ẹ̀yẹ. Nígbà tí wọ́n ka àmì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti jẹ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́. Bí ènìyàn bá ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ láràárọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò máa rò pé apá òun ló ń dún.

Sátidé dé. Àwọn panápaná ni wọ́n fi kò wọ́n lójú. Rẹfirí jẹ́ bàbá kan tó ti ṣe hẹdimásítà fẹ̀yìn tì, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nílùú náà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à bá ní kó bẹ̀rù, ó ti nà wọ́n nílé ìwé. Agbami mú ọ̀rọ̀ ìkíni ojú ewé mẹ́rìndínlógún wá. Nígbà tó dé ojú ewé kejì, Alága wo aago, Rẹfirí fọn fèrè. Agbami ka èyí tó kù fún obìnrin panápaná kan tó dúró ti tìmùtìmù kejì tí kò sì ríbi sá sí.

Òun ló kọ́kọ́ mú igi, nítorí ipò. Ó gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bojú wẹ̀yìn wá àtẹ́wọ́. Igbákejì pa ọwọ́ pọ̀ díẹ̀, ó rí èrò, ó kó ọwọ́ bọ àpò. Lẹ́ẹ̀kẹta, igi náà ṣèèṣì kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lọ sókè réré. Ẹni tó bá mọ eré yìí á ti gbé ẹsẹ̀. Agbami fi igi lélẹ̀ pẹ̀lẹ́ kí ẹnìkan lè bá a gbé e, ó wá ń rìn lọ síbi tìmùtìmù, ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń lọ sórí àga iyì. Obìnrin panápaná kan tó wọ awò ojú dúró sábẹ́ bọ́ọ̀lù náà, ó gbà á bí ẹni gba ọmọ titun.

“O ti jáde,” Rẹfirí wí.

“Ta lò ń bá wí?”

“Ẹni tó ti jáde.”

Ó gba alàgbà méjì láti bá a sọ̀rọ̀ kó tó kúrò lórí tìmùtìmù náà.

Nígbà tó kan ti àwọn panápaná láti gbá, Agbami ní òun ni òun yóò máa ju bọ́ọ̀lù, torí ọ̀dọ̀ òun ni ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá a káàkiri bí ẹni ń lu ẹní. Ọ̀gá àwọn akọ̀wé nawọ́ gba ẹyẹ kan. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rù sùn ní ìdúró. Ṣùgbọ́n Asọ̀kò wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí Agbami ní kí àwọn tí ipò wọn kéré dúró sí, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ wálé ni, gbooro, síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré gẹ́lẹ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì mú un lórí tìmùtìmù. Panápaná mẹ́ta jáde bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀kẹta, Alága dìde lórí ìjókòó, ó bèèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àmì mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ omi jẹ, àwọn obìnrin náà ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ kan ń tò, ọwọ́ Agbami ń dà á nù. Nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n gbá a parí, ó ti di mọ́kànlá sí mẹ́ta.

Agbami wo pátákó àmì. Ó wo ọ̀gá àwọn panápaná. Ó rìn sí àárín pápá, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Kí gbogbo ayé gbọ́,” ó ní. “Ilé iṣẹ́ omi kò pàdánù. Àwọn obìnrin márùn-ún yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi. Onímítà ni wọ́n, ará ìta, mo yá wọn lò fún òní ni. Ẹgbẹ́ tí kò pé kò lè pàdánù. Nítorí náà, eré yìí kò wáyé.”

Ọwọ́ Asọ̀kò lọ síbi ìdí aṣọ rẹ̀, níbi tó ti ká ìwé náà mọ́ láti àárọ̀, torí kò gbà pé kó wà nílé lọ́jọ́ tí òun kò sí nílé. Àwọn mẹ́rin yòókù wá dúró tì í.

Alága sọ̀kalẹ̀ wá sórí koríko.

“Ọ̀gá Omi, ẹ jẹ́ kó yé mi,” ó ní. “Ẹ búra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé òṣìṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Tó bá jẹ́ òótọ́ lẹ fi búra, ẹ ti fẹ́ẹ́ pàdánù eré ìgbádùn kan, a ó jọ rẹ́rìn-ín, kálukú á relé. Tó bá jẹ́ irọ́ lẹ fi búra, eré ò wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní wọ ọ́fíìsì yẹn mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Èwo ni ká mú?”

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí, ẹ ti mú tiyín. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó gan-an á mú tirẹ̀. Á gbà pé òun pàdánù, á jẹun ọ̀sán, á sùn. Igbákejì ń fa aṣọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ohùn pé, “Ẹ pàdánù, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàdánù.” Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti jẹ àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta níbi ìgbáradì, níbo ni yóò ti kó ẹnu tí yóò fi gba mẹ́ta?

Ó gbé àyà síwájú.

“Agbami kì í pàdánù,” ó ní. “Irọ́ ni mo fi búra.”

Igbákejì fi aṣọ náà sílẹ̀. Alága wúkọ́ díẹ̀, kí a tó mọ̀ ọ́n, Igbákejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “A gbọ́ yín yékéyéké, mà.”

Asọ̀kò ló bọ́ síwájú. Ó tú ìwé náà jáde, òógùn ti rin ín létí.

“Mà, tó bá jẹ́ irọ́ ló fi búra, kí ni ìwé yìí?”

Alága kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ Agbami bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Agbami ní ọwọ́ òun ni. Alága bèèrè bóyá Agbami ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni yóò bi Agbami ní ìbéèrè yẹn kó sọ pé rárá? Ó ní òun ni, pátápátá.

“Ọjọ́ tó kọ sí i nìkan wá ni irọ́,” Alága wí fún àwọn obìnrin náà. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á.”

Ó ní kí Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tábìlì, ó fa ìlà sórí ọjọ́ náà, ó kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe márààrún. Òfin ọdún mẹ́wàá kò lè mú wọn mọ́.

“Ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́?” Asọ̀kò bèèrè.

Alága ní òun kò lè fi bírò kan dá ọdún mẹ́sàn-án padà lórí koríko, ó di iwájú ìgbìmọ̀.

“Ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé a bèèrè.”

Alága kọ ọ́. Asọ̀kò kà á, ó tún un kà, ó wá ká ìwé náà.

Rẹfirí na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹgbẹ́ omi kò pé mọ́, torí àwọn obìnrin náà kò tíì pé ọdún kan lórí ìwé. Alága ní òun lòun ṣe òfin náà, ìgbádùn lòun sì ṣe é fún, kí wọ́n gbá a tán. Àwọn panápaná ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, iná kankan kò sì jó níbì kan. Àyè Agbami nìkan ló wá ṣófo. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, dírẹ́bà Agbami ti fo okùn wọ inú pápá, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún.

Agbami yí ẹ̀yìn padà, ó rìn lọ síbi ọkọ̀. Kò juwọ́ sẹ́nikẹ́ni. Ó dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ṣòkòtò dírẹ́bà. Ó dúró ti ọkọ̀ nínú oòrùn, ibi tó dúró sí sì kọjú sí pápá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí gbogbo rẹ̀. Ó rí dírẹ́bà tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá igi odán, tó sá yí tìmùtìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ látìmọ́lé. Ó rí àwọn obìnrin onímítà àti àwọn obìnrin panápaná tí wọ́n so mọ́ ara wọn lọ́rùn. Ó rí Asọ̀kò tó na gbalaja sórí koríko, tó ń wo òfuurufú, tí ikùn rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Mọ́kànlá sí mẹ́rin ló parí sí.

Dírẹ́bà dé, òógùn bò ó, ó ṣí ilẹ̀kùn.

“Ta ló pàdánù?” Agbami bèèrè.

Dírẹ́bà ronú sí i. Ó pẹ́ tó ti ń wa ọkùnrin yìí kiri, kò sì tíì sọ òótọ́ fún un rí bí kò ṣe nípa epo ọkọ̀.

“Ẹ̀yin ni, sà,” ó ní. “Orúkọ yín ni Rẹfirí kọ sórí ìwé, pé ẹ̀yin ni olórí ẹgbẹ́. Àwa yòókù kàn ṣeré ni.”